Ọ̀rọ̀ Tí Mo Kọ Sẹ́yìn Fọ́tò Ìyàwó

Ẹ̀yin tí ẹnu yín mú bí abẹ bíi tèmi, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Mo ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rìn-ín láyé mi. Àwọn tí mo fi ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni mi ò bi léèrè rí bóyá ó dùn mọ́ wọn.

Onífọ́tò ìgbéyàwó ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, òun ni mo sì ń bá ṣiṣẹ́. Yàrá méjì là ń lò, lókè ilé kan tí télọ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan wà fún yíya fọ́tò, ìkejì wà fún èmi, kọ̀ǹpútà mi, àti àga mi tó máa ń dún tí mo bá ti mira.

Ẹ̀gbọ́n mi mọ fọ́tò í yà, ṣùgbọ́n kò mọ nǹkan kan nípa íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìkànnì tó fi ń ṣàfihàn iṣẹ́ rẹ̀ dà bí yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù àlòkù sí. Ẹgbẹ̀rin fọ́tò ló wà níbẹ̀, èyí tó dára àti èyí tí kò dára, gbogbo wọn gun ara wọn lórí. Kí ó tó ṣí tán lórí fóònù, ẹni tó ń wò ó ti bínú lọ.

"Bá mi tún un ṣe," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Bí èèyàn bá ń wá mi, kó rí mi. Bó bá rí mi, kó pè mí."

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Mo dín àwọn fọ́tò kù sí ọgọ́rùn-ún. Mo pín wọn sí ojú ewé, ìgbéyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Mo fi bọ́tìnì ńlá kan síbẹ̀ tí èèyàn lè tẹ̀ láti pè wá. Ó wá ku ohun kan.

Lẹ́yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan lórí ìkànnì, àyè kan wà tí a máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Ẹni tó ń wo fọ́tò kì í rí ọ̀rọ̀ yẹn. Òun ló ń sọ fún íńtánẹ́ẹ̀tì ohun tó wà nínú fọ́tò, kí àwọn tó ń wá onífọ́tò lè bá wa pàdé. Bí nẹ́tíwọ̀kì ò bá dára tí fọ́tò kọ̀ tí kò ṣí, ọ̀rọ̀ yẹn ló máa jáde dípò rẹ̀. Àwọn tí ojú wọn ò sì ríran ní ohùn kan nínú fóònù wọn tó máa ń kà á sí wọn létí.

Mo mọ gbogbo ìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ pé mi ò mọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ dáadáa. "Iyawo ati oko re n jo." "Iyawo gbe ododo dani." Mi ò fi àmì ohùn sí i, torí pé báyẹn làwọn èèyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń wá nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí mo kọ ogún, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Ìyàwó, ọkọ, òdòdó. Òdòdó, ọkọ, ìyàwó.

Mo wá kan fọ́tò ọkọ ìyàwó kan tó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé: "Oko iyawo n wo aago bi eni ti oko fe fi sile."

Ẹ̀rín pa mí. Mo ní màá pa á rẹ́, mi ò pa á rẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ya ojú kọ̀ǹpútà, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kan tí a ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín.

"Yé! O fẹ́ pa mí ni?" ó fèsì. "Kọ òmíràn!"

Mo kọ òmíràn. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò ìyá ọkọ kan pé: "Iya oko n rerin bi eni ti bata fun lese." Mo kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò míì pé: "Ore oko ti muti yo, ogiri lo n gbe e duro." Ẹlẹ́rìn-ín ń rẹ́rìn-ín, èmi ń kọ. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, mi ò kọ ọ̀rọ̀ gidi mọ́.

Kí n má parọ́ fún yín, kì í ṣe àwàdà nìkan. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì nígbà yẹn, mi ò sì tíì wọ aṣọ ìyàwó. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni mò ń wo àwọn tó wọ̀ ọ́, tí mò ń bá wọn pa irorẹ́ ojú wọn rẹ́. Bí mo bá fi ọ̀kan nínú wọn ṣe yẹ̀yẹ́, ara á tù mí díẹ̀. Ìlara ni. Mi ò ní orúkọ míì tí mo lè pè é.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé orí fọ́tò ẹ̀bá fèrèsé.

Ìyàwó inú fọ́tò yẹn, nọ́ọ̀sì ni. Obìnrin tó ga ni, ó sì sanra dáadáa. Bàbá rẹ̀ kì í ríran, rédíò ló ń tún ṣe, gbogbo àdúgbò sì mọ̀ ọ́n sí Bàbá Rédíò. Òun nìkan ló tọ́ ọmọ náà dàgbà. Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, kí wọ́n tó jáde nílé, ìyàwó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó gbé e lé ojú ara rẹ̀. Bàbá ń fi ìka tọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn ya fọ́tò náà.

Nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún, kò sí èyí tó tó o. Èmi fúnra mi ni mo mú un tí mo fi síwájú ìkànnì, tó jẹ́ pé ẹni tó bá ṣí i, òun ló máa kọ́kọ́ rí. Èmi kan náà ni mo kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn rẹ̀:

"Iyawo bi igba. Baba re ko ri i."

Igbá ni mo ní lọ́kàn. Igbá tí a fi ń bu omi. Ìyàwó rí rogodo bí igbá, bàbá rẹ̀ ò sì rí i, orí yọ bàbá. Àwàdà mi nìyẹn. Mo fi ránṣẹ́ sí Ẹlẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kó tó dáhùn.

"Èyí ti pọ̀ jù," ó kọ ọ́. "Pa á rẹ́, jọ̀ọ́."

"Ta ló máa rí i?" mo bi í. "Àbí bàbá náà ni?"

Kò fèsì mọ́.

Ìkànnì wa gbéra. Fóònù ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn tí a ò mọ̀ rí ń pè láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń ní àwọn rí fọ́tò bàbá tó ń fi ìka wo ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi á wá dúró lẹ́yìn àga mi, á gbọ́wọ́ lé mi léjìká.

"Ìwọ lo ṣe é," á wí. "Gbogbo ẹni tó bá bi mí, àbúrò mi ni mò ń sọ."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, obìnrin kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó wá bá wa. Ó jókòó, ó ń wo ìkànnì wa lórí fóònù rẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ ò dára lọ́jọ́ yẹn.

"Ẹ jọ̀ọ́, fọ́tò yìí ò ṣí," ó wí. "Ọ̀rọ̀ kan ló gbé jáde. Kí lèyí túmọ̀ sí? 'Ọ̀rẹ́ ọkọ ti mutí yó, ògiri ló ń gbé e dúró'?"

Ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù náà, ó kà á. Ó kọjú sí mi.

"Ta ló kọ èyí?"

Mo ti parọ́ kí n tó mọ̀ pé mò ń parọ́. "Ẹ̀rọ ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rọ ló ń fúnra rẹ̀ kọ ọ́. Ó ń wo fọ́tò, ó ń kọ ohun tó bá rí."

"Ẹ̀rọ wá ń fi oníbàárà mi ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Kò tíì gbọ́ èdè wa dáadáa ni. Ẹ má dá a lóhùn."

Ó gbà mí gbọ́. Ó bẹ obìnrin náà, ó ní kó má bínú, ó ní àbúrò òun á tún un ṣe. Mo pa ọ̀kan yẹn rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mo ní tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, màá pa ìyókù rẹ́. Òpin ọ̀sẹ̀ dé, ó lọ. Òmíràn dé, òun náà lọ. Kò sẹ́ni tó tún sọ nǹkan kan, èmi náà sì gbé e tì.

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ṣoṣo ni tolóhun.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ẹ̀gbọ́n mi gun àtẹ̀gùn wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Bàbá Rédíò pè mí," ó wí. "Wọ́n ní fóònù àwọn ní ohùn tó ń kàwé. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé bí a bá kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn fọ́tò, àwọn lè gbọ́ ohun tó wà nínú fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ àwọn." Ó jókòó sétí tábìlì mi. "Ṣé o mọ ohun tí wọ́n sọ? Wọ́n ní gbogbo ayé ló ti rí ọmọ àwọn níbi ìgbéyàwó rẹ̀, ó ku àwọn nìkan."

Mo yí ojú kọ̀ǹpútà mi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Mo ti ṣèlérí fún wọn. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀, àwọn àti ìyàwó. Kọ ọ́ dáadáa fún wọn, jọ̀ọ́. Má fi sílẹ̀ fún ẹ̀rọ yẹn o. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o kọ ọ́."

Bó ṣe jáde ni mo ṣí kọ̀ǹpútà. Fọ́tò méjìlá ló wà lójú ewé ìgbéyàwó wọn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn wọn. Mo di ojú mi, mo ń bi ara mi pé, bí n ò bá ríran, kí ni mo máa fẹ́ gbọ́? "Iyawo duro lenu ona. Aso re gun de ile. O fi owo otun gbe eti re soke ki o ma baa te e. O n wo baba re, o n rerin, eyin re oke han." Àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Omijé bọ́ lójú mi níbi mélòó kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo lọ sójú ewé àwọn ìgbéyàwó yòókù, mo pa gbogbo yẹ̀yẹ́ mi rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo parí, mo mí kanlẹ̀. Mo ní Ọlọ́run ti bò mí láṣìírí.

Ohun tí mo gbàgbé rèé. Fọ́tò ẹ̀bá fèrèsé wà níbi méjì. Ó wà lójú ewé ìgbéyàwó wọn, ó sì wà níwájú ìkànnì. Bí èèyàn bá yí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ padà níbì kan, ti ibì kejì kì í yí. Mo mọ èyí bí mo ṣe mọ orúkọ mi, èmi ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n dé ní déédéé aago mẹ́ta ọ̀sán. Bàbá Rédíò di apá ọmọ rẹ̀ mú, ó ń ka àtẹ̀gùn bó ṣe ń gùn ún. Ó ti dé ẹ̀kẹtàdínlógún kó tó wọlé.

"Ẹ káàsán o, Àǹtí," ìyàwó kí mi. "Láti àná ni wọn ò ti jẹ́ kí n sinmi. Wọ́n ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí àwọn pẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi fa àga fún wọn. Mo ní kí bàbá jẹ́ kí n bá a ṣí ojú ewé náà lórí kọ̀ǹpútà mi. Ó mi orí.

"Rárá, ọmọ mi. Jẹ́ kí n fúnra mi wọlé látẹnu ọ̀nà."

Ó mú fóònù rẹ̀ jáde lápò. Ohùn tó wà nínú rẹ̀ yára, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò mọ òkè, kò mọ ìsàlẹ̀, dọ́gbadọ́gba ló ń ka gbogbo ọ̀rọ̀. Ó ka orúkọ ilé iṣẹ́ wa. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi ìka sún sísàlẹ̀ díẹ̀.

"Iyawo bi igba," fóònù náà wí. "Baba re ko ri i."

Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ télọ̀ nísàlẹ̀. Bàbá tún fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, fóònù náà sì tún un sọ, ketekete.

Ìyàwó wò mí. Kò bínú. Ojú ẹni tó ti ń retí ọ̀rọ̀ náà tipẹ́ ló fi wò mí.

"Kí ló pè mí?" ó béèrè. Ohùn rẹ̀ kéré. "Igbá?"

Ẹ̀gbọ́n mi dìde fùú. "Ẹ̀rọ ni! Ẹ dákun, ẹ̀rọ yẹn ni." Ó yíjú sí mi. "Ṣebí mo ní kó o má fi sílẹ̀ fún ẹ̀rọ?"

Ìtìjú gbá mi mú. Mo ń wo ilẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́ kó lanu kó gbé mi mì.

Ni Bàbá Rédíò bá bú sẹ́rìn-ín.

"Igbá kẹ̀? Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ ò mọ̀ pé fóònù yìí ò ní àmì ohùn lẹ́nu ni? Lánàá ni ọmọ mi kọ̀wé sí mi pé oògùn mi wà lórí tábìlì. Ogun ni fóònù pè é fún mi. Mo ti fẹ́ sá."

Ìyàwó ò rẹ́rìn-ín. Bàbá nawọ́, ó wá ọwọ́ rẹ̀ kàn, ó dì í mú.

"Igba ni," ó wí. "Igba. Ọgọ́rùn-ún lọ́nà méjì. Ìyàwó kan ṣoṣo tó tó igba ìyàwó. Ó ní bàbá rẹ̀ ò rí i. Òótọ́ sì ni, mi ò rí i." Ó yí ojú rẹ̀ sí ibi tí mo dúró sí gẹ́lẹ́. "Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lo kọ ọ́, ọmọ mi?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, àyè tí mo ní láti sọ òótọ́ nìyẹn. Ó fẹ̀ tó ẹnu ọ̀nà. Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, mo wo ojú ìyàwó.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," mo wí. "Igba ni."

Ìyàwó bú sẹ́kún. Ó dìde, ó dì mọ́ mi gbàgì, ó gbé orí lé mi léjìká. Ẹ̀gbọ́n mi ń nu ojú. "Àbúrò mi nìyẹn," ó ń wí. "Àbúrò mi nìyẹn." Mo dúró bí igi, mi ò mọ ibi tí mo lè kó ọwọ́ mi méjèèjì sí.

Wọ́n gbọ́ fọ́tò méjìlá náà tán. Bàbá ní kí fóònù tún ti fọ́tò tí ìyàwó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà kà lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n mi mú ìyàwó lọ sí yàrá kejì kó lọ yan èyí tó fẹ́ fi há ògiri. Ó ku èmi àti bàbá.

"Ti ilẹ̀kùn yẹn," ó wí.

Mo tì í. Mo kúnlẹ̀.

"Dìde. Mo gbọ́ eékún rẹ tó kanlẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n bá ọ báyẹn." Ó tẹ́tí sí ilẹ̀kùn. "Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti ń fi etí wá ibi tí nǹkan ti bàjẹ́. Ohùn fóònù ò ní òkè, kò ní ìsàlẹ̀. Tìrẹ ní. Nígbà tó o ní 'igba ni', mo gbọ́ èyí tó o kọ."

"Màá sọ fún ọmọ yín, sà," mo wí. Mo ti ń sunkún. "Màá bẹ̀ ẹ́. Lónìí yìí náà."

"Kí ara lè tu ta ni?"

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Bó o bá sọ fún un, ara á tù ọ́, òun lá wá máa gbé e kiri. Ìwọ lo ni ín. Gbé e." Ó wá fóònù rẹ̀ lórí tábìlì, ó fi sápò. "Àwọn méjìlá yòókù, ìwọ lo kọ wọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Wọ́n dára. Mo rí ọmọ mi."

Kò rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Ìbá ṣe pé ó gbá mi létí, ì bá sàn fún mi.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kọ ọ̀rọ̀ náà gàdàgbà síwájú ìkànnì, kí gbogbo ayé máa rí i. "Ìyàwó bí igba," ó wí. "Fi àmì ohùn sí i dáadáa o, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í kà mọ́." Mo jókòó, mo fi àmì sí "Ìyàwó" àti "bí", ó wá ku "igba". Igba tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún méjì kì í gba àmì kankan. Bí mo ṣe tẹ ọ̀rọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo tún tẹ̀ ẹ́.

Ó wà níbẹ̀ títí di òní. Àwọn èèyàn ń pè, wọ́n ń ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń ya ìyàwó bí igba?" Ẹ̀gbọ́n mi á nawọ́ sí mi, á ní èmi ni mo ro ó. Ọ̀kan ní òun ò rí ọ̀rọ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹlẹ́rìn-ín náà rí i. "Háà" nìkan ló kọ ránṣẹ́, kò sì tún bá mi ṣàwàdà mọ́. Mi ò tíì lè sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń sọ fún, ó sì tì mí lójú pé ó rọrùn fún mi láti bá ẹni tí kò mọ̀ mí sọ ọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó náà pè mí láti ibi iṣẹ́ rẹ̀.

"Àǹtí," ó wí, "ó ní ohun tí mi ò tíì sọ fún yín. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè mí ní Igbá. Orúkọ yẹn bá mi dé ilé ìwé nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí fóònù pè é, mo ní ó ti tún dé, ó tẹ̀ lé mi dé ìdí ìgbéyàwó mi. Àfìgbà tí Bàbá là á yé mi. Ní báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá pè mí bẹ́ẹ̀, mo máa ń sọ fún un pé kò fi ohùn pè é dáadáa ni. Ẹ̀yin lẹ bá mi bọ́ ọ lọ́rùn. Ẹ ṣeun, Àǹtí mi. Ẹ ṣeun gan-an ni."

Mo ní kò tọ́pẹ́.

Ọ̀rọ̀ òótọ́ kan ṣoṣo tí mo ti bá a sọ nìyẹn.